Bí ẹ ṣe lè máa gba owó àpò lọ́wọ́ oníbàárà, tí wọn ò sì ní sá lọ sí bùtíìkì kejì

Bí òjò ọ̀sán kan bá ti dá ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ẹ jáde wo gọ́tà iwájú ilé yín. Ohun tó ń léfòó níbẹ̀ kì í ṣe ewé. Ọ̀rá ni: dúdú tí wọ́n fi di iyọ̀, funfun tí wọ́n fi di ata, aláwọ̀ búlúù tí wọ́n fi kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ìrẹsì, ṣúgà, tòmáátì inú agolo, ọṣẹ àti nǹkan wẹ́wẹ́ ni mò ń tà lọ́nà Wàǹdó, púpọ̀ nínú ọ̀rá tó wà nínú gọ́tà yẹn ni mo sì mọ̀ bí ẹní mọ ọmọ rẹ̀. Ọwọ́ mi ni wọ́n ti jáde. Láti orí tábìlì mi dé ilé ẹni tó rà á kò ju ìdajì wákàtí lọ, iṣẹ́ wọn ti parí nìyẹn.

Ohun tí mò ń kọ yìí wà fún ẹni tó ní bùtíìkì tàbí ìsọ̀ nínú ọjà, tó fẹ́ dẹ́kun pípín ọ̀rá lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n tí ẹ̀rù ń bà á pé oníbàárà yóò bínú lọ. Mo ti ṣe é. Mo bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó gún. Èyí tí mo bà jẹ́, màá sọ ọ́ pẹ̀lú.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun: ẹ mọ ohun tí òfin sọ

Òfin nọ́ńbà 2017-39, ti ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2017, ka ọ̀rá tí kò lè jẹrà léèwọ̀ ní ilẹ̀ Benin. Ṣíṣe é, kíkó o wọlé láti ìta, títà á, pípín in, níní in lọ́wọ́ àti lílò ó, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú èèwọ̀ náà. Pé ọ̀rá dúdú ṣì kún inú ọjà kò sọ ọ́ di ohun tí òfin gbà.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń ro pé ẹ ó kàn máa gba 10 fráǹkì lórí ọ̀rá dúdú yẹn kan náà, ẹ má dán an wò. Owó tí ẹ gbà kò sọ ọ́ di mímọ́, ṣe ló dà bí ẹni pé ẹ̀ ń tà á ní gbangba. Àpò ìwé, àpò aṣọ àti agbọ̀n ni a fẹ́ gba owó lé lórí. Ọ̀rá tó ń jẹrà ní tòótọ́ náà wà, ṣùgbọ́n ojú gbọdọ̀ là níbẹ̀. Ọkùnrin kan tà á fún mi ní páálí kan, ó kọ ọ́ sí i lára pé ó ń jẹrà, ó sì wọ́n ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Mo ri mẹ́ta mọ́lẹ̀ lẹ́yìn balùwẹ̀. Nígbà tí mo hú u lẹ́yìn oṣù márùn-ún, ó ti fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí eèpo àlùbọ́sà, ṣùgbọ́n ọ̀rá ni gbogbo wẹ́wẹ́ náà ṣì jẹ́. Ohun tó fọ́ kò tíì jẹrà. Ọ̀rá wẹ́wẹ́ tún burú ju odindi lọ, nítorí pé kò sí ẹni tó lè ṣà á mọ́. Bí ẹni tó ń tà á kò bá lè fi ìwé ẹ̀rí hàn yín, ẹ jẹ́ kó máa gbé e lọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kà á fún ọ̀sẹ̀ kan

Ẹ má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé ìwé àti bírò sí ẹ̀gbẹ́ àpótí owó, kí ẹ máa fa ìlà kan fún ọ̀rá kọ̀ọ̀kan tó bá jáde. Ẹ fi àmì sí ibi tí ẹ ti ki ọ̀rá kan bọ inú èkejì nítorí pé ẹyọ kan kò lágbára. Ìyẹn pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ká ní ọ̀rá kan ń ná yín ní 10 fráǹkì, tí 60 sì ń jáde lójúmọ́. 600 fráǹkì nìyẹn. Bí ẹ bá ṣí bùtíìkì fún ọjọ́ 26 nínú oṣù, ó di 15,600. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í ka owó yìí mọ́ ìnáwó ọjà rárá, nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ló ń yọ́ jáde. Ẹ tọ́jú ìwé náà dáadáa, ẹ ó tún nílò rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wá ohun tí yóò rọ́pò rẹ̀ kí ẹ tó mú un kúrò

Ẹni tó bá gba ọ̀rá kúrò lọ́wọ́ oníbàárà láìfi nǹkan mìíràn sí i, ìjà ló ń wá. Mẹ́ta ni mo kó sílẹ̀.

Àpò ìwé fún nǹkan gbígbẹ. Kí ẹ ṣọ́ra fún àpò ìwé tí wọ́n fi ìwé sìmẹ́ǹtì rán. Ó lágbára lóòótọ́, ó sì dára fún ìṣó tàbí bátìrì, ṣùgbọ́n ẹ má fi di gàárì tàbí búrẹ́dì. Bí ẹ ti wù kí ẹ gbọ̀n ọ́n tó, lẹ́búlẹ́bú yóò kù nínú rẹ̀.

Àpò aṣọ. Ẹ má lọ ra aṣọ tuntun fún un. Àtigbin òwú, àtifi rànwú, àtipa á láró, iṣẹ́ àti omi tó ń gbà kì í ṣe kékeré, àpò òwú tuntun tí ènìyàn lò lẹ́ẹ̀mẹ́ta péré kò san ju ọ̀rá lọ. Àjákù ańkárá ló kún ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù àwọn télọ̀ wa. Àpò ìrẹsì tí ìrẹsì ti tán nínú rẹ̀ náà wà: bí wọ́n bá gé e sí méjì, tí wọ́n rán etí rẹ̀, tí wọ́n sì fi okùn sí i, ó ń gbé ẹrù ju báàgì olówó iyebíye lọ. Télọ̀ ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ mi ń fi àkókò tí kò níṣẹ́ rán an fún mi.

Agbọ̀n. Èyí wà fún yíyá, kì í ṣe títà. Màá padà sórí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ dá iye rẹ̀, kí ẹ sì ro mọ̀nẹ́ mọ́ ọn

Ibí yìí ni mo ti kọ́kọ́ ṣe àṣìṣe. 10 fráǹkì ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo ní kó má baà ni ẹnikẹ́ni lára. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí mọ̀nẹ́ (èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní ṣéńjì) fi tán lọ́wọ́ mi. Mo wá ń fi bọ́nbọ́n dípò 15 fráǹkì. Bàbá àgbà kan gbé bọ́nbọ́n náà sórí tábìlì, ó ní, «Ìyàwó mi, eyín wo ni kí n fi jẹ ẹ́?» Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé mo ti tàbùkù ara mi.

Owó ẹyọ tó wà lọ́wọ́ ènìyàn ni kí ẹ fi dá iye: 25 fún àpò ìwé kékeré, 50 fún ńlá. Kí ẹ má sì jẹ́ kó kéré jù. Owó tí ẹnikẹ́ni kò fiyè sí kò ní yí ìwà ẹnikẹ́ni padà.

Àwọn tó ti ṣe é ṣáájú wa ti rí èyí. Ní Ireland, ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ọdún 2002 ni ìjọba fi 15 sẹ́ǹtì lé ọ̀rá kọ̀ọ̀kan. Nǹkan bí 328 ni wọ́n ṣírò pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lò lọ́dún ṣáájú ìgbà náà. Ó já sí 21. Ẹ wò ó dáadáa: 15 sẹ́ǹtì kò lè sọ ẹnikẹ́ni di òtòṣì nílẹ̀ yẹn. Wọ́n lè san án. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá dé iwájú ẹni tó ń gbowó, wọ́n ní láti la ẹnu sọ pé àwọn fẹ́ ẹ. Ìgbà tí ojú wọn mọ́ ọn, tí ọ̀rá tún fẹ́ máa pọ̀ sí i, ìjọba sún owó náà sí 22 sẹ́ǹtì ní oṣù Keje ọdún 2007. Ti Gúúsù Áfíríkà kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2003 pẹ̀lú 46 sẹ́ǹtì owó ráǹdì, ọ̀rá sì dínkù lójú ẹsẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n rẹ owó náà sílẹ̀, ni ọ̀rá bá ń padà bọ̀.

Àpò aṣọ ńkọ́? Ẹ má tà á ní owó pọ́ọ́kú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn tí wọ́n ti ń gba owó ọ̀rá, àwọn ilé ìtajà ńlá gbé ọ̀rá kan tó nípọn jáde, pé kí ènìyàn ra ẹyọ kan kó máa lò ó títí. Kò wọ́n, nítorí náà ọ̀pọ̀ ń ra òmíràn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dé ibẹ̀, ọ̀rá tó nípọn sì wá ń kún ààtàn. Ohun tí mo ṣe ni pé mo lo ọ̀nà owó ìgò. Kò sí ẹni tí kò mọ owó ìgò ní ìlú wa: ẹ ra bíà tàbí ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ sílé, ẹ fi owó ìgò sílẹ̀, ẹ dá ìgò padà, ẹ gba owó yín. Àpò aṣọ mi jẹ́ 300 fráǹkì. Ọjọ́ tí ẹ bá dá a padà láìya, 300 yín nìyí. Bẹ́ẹ̀ náà ni agbọ̀n, ṣùgbọ́n 1,000 ni tirẹ̀. Àwọn kan ti dá tiwọn padà. Ọ̀pọ̀ kò dá a padà, wọ́n ń gbé e wá rajà ni, ohun tí mo sì fẹ́ gan-an nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ bá aládùúgbò yín sọ̀rọ̀

Bí ẹ bá ń gba owó àpò, tí bùtíìkì tó wà ní ìdojúkọ yín sì ń fi ọ̀rá tọrẹ, ẹ mọ ibi tí oníbàárà ń lọ. Nígbà tí Ireland bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ kan náà ni gbogbo ìlú bẹ̀rẹ̀. Àwa kò lágbára ìjọba, ṣùgbọ́n a lè jẹ́ mẹ́rin lójú ọ̀nà kan. Mo kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ìyá tó ń ta èlùbọ́ nítorí pé òun ló dàgbà jù lójú ọ̀nà wa. Bí òun bá gbà, àwọn ọ̀dọ́ kò ní lè fojú di í. N kò bá a sọ̀rọ̀ gọ́tà rárá. Ìwé tí mo fi ka ọ̀rá fún ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi hàn án, mo ní kó bá mi ṣírò rẹ̀. Ó wo iye náà, ó ní, «Owó iyán mi ni mò ń jù sí gọ́tà yìí!»

Bó bá jẹ́ inú ọjà ni ìsọ̀ yín wà, ọ̀dọ̀ ìyálọ́jà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ mú obì dání. Kí ẹ yan ọjọ́ kan pọ̀. Ẹ má yan oṣù Kejìlá, ẹ má yan ọ̀sẹ̀ Iléyá. Nígbà náà, kò sí ẹni tó ní sùúrù.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ kéde rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì

Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, ní Ègùn àti ní Faransé, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ojú yóò ti kọ́kọ́ rí i. Ṣùgbọ́n ẹ má gbọ́kàn lé ìwé. Ẹnu ni ìkéde wa. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo ẹni tó bá ra nǹkan ni kí ẹ sọ fún bí ẹ ti ń fún un ní mọ̀nẹ́: «Láti ọjọ́ kìíní oṣù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa mú àpò dání o.» Kó mọ bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ọ̀rọ̀ ẹnu yín

Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo ti kọ, ẹ má gbàgbé èyí. Kíákíá lọwọ́ wa, àwa oníṣòwò. Kí oníbàárà tó ka owó tán, ọjà rẹ̀ ti wà nínú ọ̀rá, a ti so ó. Ọwọ́ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ dá dúró. Ẹ to ọjà sórí tábìlì, kí ẹ fi ọwọ́ lérí, kí ẹ wá béèrè. Kí àpò tí ẹ ń tà wà lábẹ́ tábìlì. Bó bá ń fì lójú rẹ̀ lórí ìṣó, yóò kàn nawọ́ gán an ni.

Ìbéèrè náà ní bí a ṣe ń bi í. Ẹ má sọ pé «Ṣé ẹ fẹ́ ra àpò?» «Bẹ́ẹ̀ ni» ló rọrùn láti dáhùn síyẹn. Ẹ sọ pé:

«Ẹ kú ọjà o, Màmá. Àpò yín dà?»

Ẹni tó mú un wá yóò gbé e jáde pẹ̀lú ìyangàn. Ẹni tí kò mú un wá yóò wo ọjà náà, yóò wo ọwọ́ rẹ̀, ìdajì wọn yóò sì ní «Ẹ gbé e fún mi bẹ́ẹ̀.» Ọṣẹ kan àti agolo tòmáátì méjì, kí ni wọ́n fẹ́ fi ọ̀rá ṣe? Ìgbà tí a kò bi wọ́n ni wọ́n ń gbà á.

Ẹ ó gbọ́ ọ̀rọ̀. «Mo ra ọjà 5,000, ẹ wá ń gba 50 lọ́wọ́ mi lórí àpò?» Ẹni tó ń sọ èyí kì í ṣe ahun. Ènì ló ń bá yín sọ. Lójú oníbàárà wa, ọ̀rá ti di ènì, ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó bá yọ ènì kúrò ti yọ ìfẹ́ kúrò. Nítorí náà, ẹ má yọ ọ́, ẹ pa á láwọ̀ dà. Owó ọ̀rá tí ẹ kò ná mọ́ wà lọ́wọ́ yín, ẹ fi díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣe ènì fún ẹni tó mú àpò wá: ìkúnwọ́ gàárì lórí tòńgólò (agolo ìwọ̀n) rẹ̀, maggi ẹyọ kan, ata gbígbẹ díẹ̀. Kí ẹ ṣe é lójú àwọn yòókù, kí ẹ sì sọ ọ́ sókè: «Ènì àpò yín nìyí o.» N kò rí ìkéde kankan tó ṣiṣẹ́ tó èyí.

Ẹlòmíràn yóò ní «Ẹ̀yin náà ti di ìjọba.» Ẹ rẹ́rìn-ín sí i. Bó bá fẹ́ àlàyé, ẹ ní kó bi alápatà tó bá mọ̀ léèrè ohun tí wọ́n ń bá nínú ikùn ewúrẹ́ tó ń jẹ̀ kiri ìgboro. Ọ̀rá tí ẹran bá gbé mì kì í dà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ló ń ká jọ sí bí bọ́ọ̀lù títí oúnjẹ kò fi ní ráyè kọjá mọ́.

Ẹni tó wà lórí zémìjáǹ (ọ̀kadà), ẹ má bá a fa ọ̀rọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kan di ọkùnrin tó ń wa alùpùpù mú, ìkejì ló fẹ́ fi gbé ẹrù. Ó nílò ohun tó ní okùn. Òun gan-an ló ń ra àpò aṣọ jù.

Ìgbésẹ̀ keje: nǹkan tútù

Ẹja, ẹran, epo, ọ̀gì. Àwọn òyìnbó pàápàá mọ̀ pé èyí yàtọ̀: nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ọ̀rá ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ọdún 2015, wọn kò gba owó lórí èyí tí a fi di ẹran àti ẹja tútù. Ní tiwa, abọ́ onídèérí ló yẹ, àwọn ìyá wa sì mọ̀ ọ́n. Abọ́ ni wọ́n ń gbé lọ ra epo kí ọ̀rá tó dé. Ẹlẹ́ja tó wà nítòsí mi ń ní kí àwọn oníbàárà rẹ̀ gbé abọ́ wá, ó sì fi ewé tíìkì sílẹ̀ fún ẹni tó bá gbàgbé. Ewé tíìkì fẹ̀, ó nípọn, ó sì wà lọ́pọ̀ yanturu lágbègbè wa. Ẹ̀kọ inú ewé kò sì tíì pa ẹnikẹ́ni.

Àkàrà gbígbóná nínú ọ̀rá dúdú ni kí ẹ kọ́kọ́ fòpin sí, bí ẹ kò bá lè ṣe nǹkan mìíràn rárá. Ọ̀rá yẹn, àtúnyọ́ àdàlù ike oríṣiríṣi ló sábà máa ń jẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí ike náà ti gbé rí.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: owó náà

Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ owó ọjà. Agolo wàrà tó ṣófo ni mo lu ihò sí lórí, ìwájú gbogbo ènìyàn ló wà. Ní òpin oṣù, mo ṣí i lójú ẹni tó bá wà níbẹ̀, mo yọ owó àpò ìwé tí mo rà, èyí tó kù la fi san owó fún ọmọkùnrin tó ń kó gọ́tà ojú ọ̀nà wa kí òjò oṣù Kẹrin tó dé. Iye owó náà kò pọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fura pé ẹ fi ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó ṣe bojúbojú láti fi kó owó jẹ, ẹ ti pàdánù wọn nìyẹn.

Ọ̀rá àtijọ́ tó kù nínú ilé ńkọ́? Ẹ má dáná sun ún. Èéfín rẹ̀ burú fún yín àti fún ọmọ ilé kejì. Ẹ kó o sínú àpò kan, kí ẹ fi lé àwọn tó ń kó ìdọ̀tí lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ẹ tún kà á

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ mú ìwé àkọ́kọ́ jáde, kí ẹ tún fa ìlà fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí iye àpò tó ń jáde bá ti wálẹ̀ gan-an, ẹ má yí nǹkan kan padà. Bó bá wálẹ̀ tó tún ń gòkè, ẹ wo ọwọ́ ara yín kí ẹ tó wo oníbàárà: ó ṣeé ṣe kí ẹni tó ń bá yín tajà ti padà sí kíkó ọjà sínú àpò kó tó béèrè. Bí ìyẹn kọ́, ẹ fi 25 kún un.

Ó ku àṣìṣe mi kejì. Ọmọ ni. Ọmọ tí wọ́n rán wá ra ṣúgà àti mílíìkì pẹ̀lú owó géérégé, tí kò ní 25 fráǹkì lé lórí. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mo ní kí ọ̀kan gbé e bẹ́ẹ̀, ó sì já a lulẹ̀ lójú títì, ṣúgà dà sínú iyanrìn, ìyá rẹ̀ sì wá bá mi. Ó jàre. Láti ìgbà náà, ìṣó mẹ́ta wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi tí mo fi ń kọ́ àpò ìrẹsì àtúnrán sí. Tọmọdé ni wọ́n. N kì í gba owó lórí wọn, orúkọ ìyá ọmọ náà ni mo ń kọ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, àpò náà yóò padà wá, nígbà mìíràn pẹ̀lú ọmọ náà, nígbà mìíràn pẹ̀lú ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ tó fẹ́ ra nǹkan mìíràn.